Iṣẹ́ abẹ ọ̀fẹ́ fún aláboyún: Ta ni yóò ṣọ́ èémí rẹ̀ ní Ìjerò, Aramọkọ àti Ẹ̀fọ̀n?

Ní oṣù kọkànlá ọdún 2024, ìjọba àpapọ̀ kéde láti ẹnu Ọ̀jọ̀gbọ́n Muhammad Ali Pate, tó jẹ́ mínísítà fún ètò ìlera nígbà náà, pé aláboyún tí ìrọbí rẹ̀ bá di ti iṣẹ́ abẹ, tí kò sì lówó lọ́wọ́, kò gbọ́dọ̀ tìtorí owó kú mọ́. Wọ́n ní àjọ tó ń mójú tó ètò adójútòfò ìlera lórílẹ̀-èdè yìí, NHIA, ni yóò máa san owó náà fún ilé ìwòsàn.

Ìròyìn ayọ̀ gidi ni. Nínú ìṣirò tí Àjọ Ìlera Àgbáyé, WHO, àti àwọn àjọ ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé jáde ní 2025, nǹkan bíi 75,000 obìnrin ni oyún àti ìbímọ rán sọ́run ní Nàìjíríà nínú ọdún 2023 nìkan. Ó lé ní ìdámẹ́rin gbogbo irú ikú bẹ́ẹ̀ tó ṣẹlẹ̀ káàkiri àgbáyé. Bẹ́ẹ̀ ìwádìí tí ìjọba wa fúnra rẹ̀ ṣe láti ilé dé ilé ní 2018 fi hàn pé nínú ọgọ́rùn-ún ọmọ tí wọ́n bí, nǹkan bíi mẹ́ta péré ni wọ́n fi iṣẹ́ abẹ gbé jáde. WHO sì ti sọ ní 2015 pé bí iye náà bá ń gòkè títí tó fi dé mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún, ikú ìyá àti ọmọ máa ń dínkù. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé ọ̀pọ̀ obìnrin tó yẹ kí wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún ni kò rí i ṣe.

Ṣùgbọ́n owó nìkan kọ́ ni iṣẹ́ abẹ. Bí owó bá ti wà, tí dókítà tó mọ ọ̀bẹ lò sì ti dé, ẹnì kan ṣì kù tí àwọn olóṣèlú kì í dárúkọ nígbà tí wọ́n bá ń gé rìbọ́nù níwájú ilé ìwòsàn. Ẹni náà ni akunnilóorun, ìyẹn ẹni tó ń fi oògùn mú aláìsàn sùn tàbí tó ń mú ara rẹ̀ kú tìpiri kí wọ́n tó gbé ọ̀bẹ sí i, tí yóò sì ṣọ́ èémí rẹ̀ títí yóò fi jí. Bí kò bá sí i, tàbí tó wà ṣùgbọ́n tí àwọn ohun èlò rẹ̀ kò pé, iṣẹ́ abẹ ọ̀fẹ́ yóò kàn di orúkọ lásán ni. Kò sí ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti yẹ kó jẹ àwọn ènìyàn lógún tó apá ìwọ̀-oòrùn ìpínlẹ̀ Èkìtì.

ILẸ̀ ALÁRÁ, AJERÒ ÀTI ALÁAYÈ

Ìjọba ìbílẹ̀ mẹ́ta ni à ń sọ. Àkọ́kọ́ ni ti Ìjerò, tí Ìpòtì, Ìkòrò, Odò-Ọwá àti Ìlọ́rọ̀ wà lábẹ́ rẹ̀. Ìkejì ni ti Ìwọ̀-Oòrùn Èkìtì, tí Aramọkọ jẹ́ olú-ìlú rẹ̀, tí Òkèmẹ̀sí, Ìdó-Ilé, Erijiyàn àti Ìkọ̀gòsì wà níbẹ̀. Ìkẹta ni ti Ẹ̀fọ̀n, níbi tí ìlú Ẹ̀fọ̀n-Aláayè ti jókòó sáàárín òkè bí ọba sórí ìtẹ́. Àgbẹ̀ àti oníṣòwò kékeré ló pọ̀ jù níbẹ̀, òkè àti gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ sì ni ọ̀nà wọn.

Ilé ìwòsàn ìjọba ìpínlẹ̀ wà ní Ìjerò, ó wà ní Aramọkọ, ó sì wà ní Ẹ̀fọ̀n. Ṣùgbọ́n bí ọ̀rọ̀ bá le, ẹnu ọ̀nà ìlú mìíràn ni wọ́n máa ń kọjú sí. Ẹni tó wà ní Ìjerò á wo ọ̀nà Ìdó, níbi tí ilé ìwòsàn ìkọ́ṣẹ́ ìṣègùn ti ìjọba àpapọ̀ wà. Ẹni tó wà ní Aramọkọ á wo ọ̀nà Adó-Èkìtì, níbi tí ilé ìwòsàn ìkọ́ṣẹ́ ìṣègùn ti Yunifásítì ìpínlẹ̀ Èkìtì wà. Ẹni tó wà ní Ẹ̀fọ̀n lè yàn láti gba Ìtawure sọ̀kalẹ̀ lọ sí Adó, tàbí kó gba Ẹ̀rìnmọ̀ àti Ìwárájà lọ sí Wesley Guild ní Iléṣà.

Ọ̀sán gangan ni ìrìn yìí rọrùn fún ẹni tó ní mọ́tò. Lóru, nígbà tí òjò bá ń rọ̀, tí ọlọ́kadà ti sùn, tí ẹ̀rù àwọn ajínigbé kò sì jẹ́ kí awakọ̀ fẹ́ jáde, ọ̀rọ̀ yí padà. Ìgbìmọ̀ àgbáyé kan tí ìwé ìròyìn ìṣègùn Lancet gbé kalẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ iṣẹ́ abẹ sọ ní 2015 pé kò yẹ kí ẹnikẹ́ni jìnnà ju ìrìn wákàtí méjì lọ sí ibi tí wọ́n ti lè ṣe iṣẹ́ abẹ mẹ́ta: kí wọ́n gbé ọmọ jáde, kí wọ́n la ikùn, kí wọ́n sì tọ́jú egungun tó ṣẹ́ tó yọ síta. Kì í ṣe pé wọ́n kàn mú wákàtí méjì náà láti ojú ọ̀run. Obìnrin tí ẹ̀jẹ̀ ń dà lára rẹ̀ lẹ́yìn ìbímọ lè kú láàárín wákàtí méjì.

Nítorí náà, ìbéèrè tó wà nílẹ̀ kì í ṣe bóyá ilé ìwòsàn wà. Ìbéèrè náà ni pé bí aláboyún bá dé ẹnu ọ̀nà ilé ìwòsàn tó sún mọ́ ọn jù ní aago méjì òru, ṣé wọ́n lè fi oògùn mú un sùn kí wọ́n sì jí i láyọ̀?

ÈÉMÍ NI IṢẸ́ NÁÀ

Ọjọ́ kẹrìndínlógún oṣù kẹwàá ọdún 1846 ni oníṣègùn eyín kan, William Morton, fi oògùn ether kun aláìsàn lóorun ní gbangba ní ilé ìwòsàn kan ní Boston, ní Amẹ́ríkà, tí wọ́n sì gé kókó kan lọ́rùn aláìsàn náà láìjẹ́ pé ó ké. Kí ó tó di ọjọ́ yẹn, ńṣe ni àwọn géńdé máa ń di aláìsàn mú mọ́ orí tábìlì. Láti ìgbà náà ni iṣẹ́ abẹ ti di ohun tí ọmọ ènìyàn lè fara dà.

Ṣùgbọ́n oorun tí oògùn ń fún ni yàtọ̀ pátápátá sí oorun orí ẹní. Ẹni tó sùn sórí ẹní ń mí fúnra rẹ̀. Bí itọ́ bá ṣì í lọ́nà ọ̀fun, yóò wúkọ́. Bí ẹ̀fọn bá jẹ ẹ́, yóò yí padà. Ẹni tí oògùn mú sùn kò ní ọ̀kankan nínú èyí. Ahọ́n rẹ̀ lè rọ̀ sẹ́yìn kó sì dí ọ̀nà èémí. Oúnjẹ inú rẹ̀ lè gòkè wá kó sì wọ inú ẹ̀dọ̀fóró. Ìfúnpá rẹ̀ lè já wálẹ̀ lójijì. Bí ọpọlọ kò bá sì rí ọ́síjìn fún ìṣẹ́jú bíi mélòó kan péré, ó ti ń bàjẹ́ nìyẹn, bí ẹni náà bá tilẹ̀ jí, ó lè má tún dá ara rẹ̀ mọ̀ mọ́.

Ọ̀nà kejì wà tí kì í mú ènìyàn sùn rárá. Dókítà ará Jámánì kan, August Bier, ló fi hàn ní 1898 pé bí a bá fi abẹ́rẹ́ tín-ínrín fún oògùn sínú omi tó yí ọ̀pá ẹ̀yìn ká, ara yóò kú láti ìdí sísàlẹ̀, ẹni náà yóò sì máa la ojú sílẹ̀. Abẹ́rẹ́ ẹ̀yìn yìí ni wọ́n ń lò jù fún àwọn aláboyún lóde òní. Ìyá á gbọ́ igbe ọmọ rẹ̀ bó ti ń jáde. Ṣùgbọ́n òun náà ní ewu tirẹ̀: ìfúnpá máa ń wálẹ̀, bí oògùn náà bá sì gun òkè jù, ó lè mú kí iṣan tí a fi ń mí rọ. Ìdí nìyí tí akunnilóorun kò fi gbọ́dọ̀ kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ aláìsàn, yálà ó sùn tàbí kò sùn.

OHUN TÓ YẸ KÓ WÀ LÓRÍ ÀTẸ

Ohun tó yẹ kí a mọ̀ ni pé àwọn nǹkan wọ̀nyí kì í ṣe àwámárìídìí. Ní 2018, WHO àti ẹgbẹ́ àwọn akunnilóorun lágbàáyé, WFSA, jọ gbé ìlànà kan jáde. Wọ́n pín ilé ìwòsàn sí ìpele mẹ́ta, wọ́n sì sọ ohun tó gbọ́dọ̀ wà ní ìpele kọ̀ọ̀kan.

Ní ilé ìwòsàn tó kéré jù tí wọ́n ti ń ṣe iṣẹ́ abẹ, wọ́n ní oògùn ketamine gbọ́dọ̀ wà, kí diazepam tàbí midazolam tó ń fọkàn ẹni balẹ̀ wà, kí morphine tó ń pa ìrora wà, kí lidocaine tàbí bupivacaine tó ń mú ara kú wà. Omi tí wọ́n ń fà sí ènìyàn lára gbọ́dọ̀ wà. Oògùn ìdóòlà ẹ̀mí sì gbọ́dọ̀ wà nítòsí: adrenaline tó ń ta ọkàn jí, àti atropine tó ń mú ọkàn tó ń lọ́ra sáré. Bí ilé ìwòsàn bá ti dé ìpele kejì, tí í ṣe ti agbègbè, wọ́n fi propofol tàbí thiopental kún un, pẹ̀lú oògùn tí ń mú iṣan dẹ̀ àti èyí tí ń tú u padà, oògùn tí a ń fà símú, àti ephedrine tàbí irú rẹ̀ tí ń gbé ìfúnpá tó já sókè.

Nínú gbogbo wọn, ketamine ló yẹ kí àwọn ará orí òkè mọ orúkọ rẹ̀. Onímọ̀ kẹ́míkà ará Amẹ́ríkà kan, Calvin Stevens, ló kọ́kọ́ ṣe é ní 1962. Wọ́n fọwọ́ sí i fún lílò ní Amẹ́ríkà ní 1970, WHO sì fi í sínú àkójọ oògùn kòṣeémánìí ní 1985. Ohun tó gbé e níyì ni pé ó ń mú ènìyàn sùn, ó ń pa ìrora, síbẹ̀ kì í sábà dá èémí dúró, kì í sì í já ìfúnpá wálẹ̀ bíi ti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Kò béèrè ẹ̀rọ ńlá, kò béèrè iná mànàmáná. Fún ilé ìwòsàn kékeré tó ń gba obìnrin tí ẹ̀jẹ̀ ti tán lára rẹ̀, kò sí oògùn tó dà bíi rẹ̀.

Síbẹ̀, díẹ̀ ló kù kí ọwọ́ má tẹ̀ ẹ́ mọ́. Nítorí pé àwọn ọ̀dọ́ ní àwọn ìlú kan ń fi í ṣe fàájì, orílẹ̀-èdè Ṣáínà dá a lábàá ní àjọ àgbáyé tó wà ní Vienna ní 2015 pé kí wọ́n fi í sábẹ́ òfin kan náà tó de àwọn oògùn olóró. WHO kọ̀ jálẹ̀, wọ́n ní àwọn ilé ìwòsàn orílẹ̀-èdè tálákà ni yóò jìyà rẹ̀. Àbá náà kò sì kọjá. Àwa náà mọ bí irú òfin bẹ́ẹ̀ ṣe ń pọ́n ènìyàn lójú, nítorí ọ̀rọ̀ morphine. Ó wà nínú àkójọ, ó sì wúlò púpọ̀, ṣùgbọ́n òfin oògùn olóró ti jẹ́ kí ọ̀nà tí wọ́n ń gbà rí i rà gùn débi pé ilé ìwòsàn kékeré kì í ní in nílé.

Kì í ṣe pé ketamine kò ní àbùkù o. Ó ń fa àlá burúkú, ó ń mú itọ́ pọ̀ lẹ́nu, ó sì ń gbé ìfúnpá sókè, nítorí náà kò yẹ aláboyún tí ìfúnpá rẹ̀ ti ga, tí gìrì sì lè mú. Ìdí nìyí tí oògùn kan ṣoṣo kò fi lè jẹ́ ilé oògùn. Suxamethonium tó ń mú iṣan dẹ̀ kíákíá ń fẹ́ fíríìjì. Bí iná bá lọ fún ọjọ́ mélòó kan, agbára rẹ̀ yóò bẹ̀rẹ̀ sí í dínkù, ẹni tó bá gùn ún sí aláìsàn kò sì ní mọ̀ títí tí ọ̀rọ̀ yóò fi bẹ́yìn yọ.

OJÚ NI ALÁKÀN FI Ń ṢỌ́RÍ

Yàtọ̀ sí oògùn, ohun méjì ni ìlànà náà kò fi ṣeré rárá: ọ́síjìn àti ẹ̀rọ kékeré tí wọ́n ń fi há ọmọ ìka, tí wọ́n ń pè ní pulse oximeter. Ará Japan kan, Takuo Aoyagi, ló gbé ọgbọ́n rẹ̀ kalẹ̀ ní 1974. Iná pupa àti iná tí ojú kò lè rí ni ẹ̀rọ náà ń tàn gba inú ìka kọjá, tí yóò fi mọ bí ọ́síjìn ṣe pọ̀ tó nínú ẹ̀jẹ̀. Bí ó bá ka 95 sókè, ọkàn balẹ̀. Bí ó bá já sábẹ́ 90, ewu ti wọlé dé. Kí ẹ̀rọ yìí tó dé, ètè àti èékánná ni akunnilóorun ń wò, kí ètè tó sì yí àwọ̀ padà, ó ti pẹ́ jù. Lára àwa aláwọ̀ dúdú, ó tún ṣòro láti rí.

Ẹ̀rọ náà fúnra rẹ̀ kò ṣàìní àléébù lára wa. Ìwádìí kan tí wọ́n gbé jáde ní Amẹ́ríkà ní oṣù kejìlá ọdún 2020 fi hàn pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po mẹ́ta tí ẹ̀rọ náà fi ń tan àwọn dókítà jẹ lára aláwọ̀ dúdú ju lára aláwọ̀ funfun lọ, tó ń sọ pé ọ́síjìn pé nígbà tí kò pé. Èyí kò sọ pé kí wọ́n jù ú nù. Ó kàn ń sọ fún akunnilóorun tiwa pé bí ẹ̀rọ náà bá ka 92, kí ó má ṣe fọwọ́ lẹ́rán.

Ní ti ọ́síjìn, ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò ṣàjèjì sí ẹnikẹ́ni láti ìgbà àrùn kòrónà ní 2020. Ọ̀nà méjì ni ilé ìwòsàn wa ń gbà rí i. Èkíní ni sílíńdà irin tí wọ́n gbọ́dọ̀ gbé lọ rọ. Èkejì ni ẹ̀rọ tó ń fa afẹ́fẹ́ tí gbogbo wa ń mí, tó ń sẹ́ ohun yòókù kúrò, tó sì ń dá ọ́síjìn nìkan sílẹ̀. Ẹ̀rọ kejì yìí dára fún ibi tí ọ̀nà jìn, nítorí kò béèrè ọkọ̀ tí yóò gbé sílíńdà gun òkè. Iná ni ó ń jẹ. Kò sì sí ẹni tó ń gbé lágbègbè tí BEDC ń fún ní iná tí a ó ṣẹ̀ṣẹ̀ máa ròyìn iná fún. Bí kò bá sí iná oòrùn tàbí jẹnẹrétọ̀ tí wọ́n ń ra epo sí, ẹ̀rọ ọ́síjìn kò yàtọ̀ sí àpótí òfìfo.

Owó epo náà ti wá di ọ̀rọ̀ ńlá láti ìgbà tí wọ́n ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní oṣù karùn-ún ọdún 2023. Oṣù kan lẹ́yìn rẹ̀ ni náírà já wálẹ̀, bẹ́ẹ̀ sì ni òkè òkun ni ọ̀pọ̀ oògùn tí à ń sọ yìí ti ń wá. Ààrẹ Bọ́lá Tinúbú buwọ́ lu àṣẹ kan ní oṣù kẹfà ọdún 2024 láti yọ owó ibodè kúrò lórí àwọn ohun èlò tí wọ́n fi ń ṣe oògùn nílé. Àṣẹ tó dára ni, ṣùgbọ́n ojú àtẹ oògùn ní Aramọkọ ni a ó ti mọ̀ bóyá ó ṣiṣẹ́.

ÌBÉÈRÈ TÍ KÒ NÁNI LÓWÓ

Apá kan wà nínú iṣẹ́ yìí tí kò béèrè owó rárá, òun náà ni yíyẹ aláìsàn wò kí wọ́n tó fún un ní oògùn. Láti 1941 ni àwọn akunnilóorun ilẹ̀ Amẹ́ríkà ti gbé ìpele kan kalẹ̀ tí gbogbo ayé ń lò báyìí. Ẹni tí ara rẹ̀ le koko wà ní ìpele kìíní. Ẹni tó ní àìsàn tí kò dí i lọ́wọ́, bíi ìfúnpá gíga tó ń lo oògùn sí, wà ní ìpele kejì. Bẹ́ẹ̀ ni yóò máa lọ títí dé ìpele karùn-ún, ti ẹni tí kò ní là á bí wọn kò bá ṣe iṣẹ́ abẹ náà. Ìpele kẹfà jẹ́ ti ẹni tí ọpọlọ rẹ̀ ti kú. Ní 1985, dókítà kan tó ń jẹ́ Mallampati tún kọ́ wọn pé kí wọ́n ní kí aláìsàn jókòó, kó la ẹnu dáadáa, kó sì yọ ahọ́n. Bí wọ́n bá rí ọ̀nà ọ̀fun gbayawu, rọ́bà èémí yóò rọrùn láti fi wọlé. Bí wọn kò bá rí i, kí wọ́n múra ìjàkadì sílẹ̀.

Àwọn ìbéèrè yòókù ni ẹbí gbọ́dọ̀ ran dókítà lọ́wọ́ lórí. Nígbà wo ló jẹun kẹ́yìn? Wákàtí mẹ́fà ni wọ́n máa ń fẹ́ lẹ́yìn oúnjẹ líle, wákàtí méjì lẹ́yìn omi lásán. Ṣé ó mu àgbo? Irú oògùn wo ni ara rẹ̀ kọ̀? Ṣé ó ní ikọ́ ẹ̀gbẹ tàbí àrùn fòníkú-fọ̀ladìde? Ṣé eyín tí wọ́n rà wà lẹ́nu rẹ̀? Ṣé ó kun èékánná? Ọ̀dà dúdú lórí èékánná lè dí iná ẹ̀rọ ìka lọ́wọ́. Ìyá ọkọ tó bá fi ẹ̀kọ gbígbóná bọ́ ìyàwó ọmọ rẹ̀ ní ìkọ̀kọ̀, tó sì sọ fún nọ́ọ̀sì pé kò jẹ nǹkan, ìfẹ́ ló fi ṣe é, ṣùgbọ́n ẹ̀kọ yẹn lè gòkè wọ ẹ̀dọ̀fóró. Kì í ṣe pé wọn kò ní ṣe iṣẹ́ abẹ náà bí ó bá ti jẹun. Ọ̀nà tí wọn yóò gbà ṣe é ni yóò yàtọ̀, nítorí náà òtítọ́ ló ń gba ẹ̀mí là.

Ìwé àyẹ̀wò kan náà wà tí WHO gbé jáde ní 2008, tó ní kókó 19 tí gbogbo àwọn tó wà ní yàrá iṣẹ́ abẹ gbọ́dọ̀ kà sókè: kí aláìsàn tó sùn, kí ọ̀bẹ tó kàn án, àti kí ó tó kúrò lórí tábìlì. Lára ohun tí wọ́n ń béèrè ni bóyá wọ́n ti yẹ ẹ̀rọ àti oògùn ìkunnilóorun wò, àti bóyá ẹ̀rọ ìka wà lára aláìsàn tó sì ń ṣiṣẹ́. Wọ́n dán an wò ní ìlú mẹ́jọ lágbàáyé, Ifakara ní Tanzania wà lára wọn. Àbájáde rẹ̀ tó jáde ní 2009 fi hàn pé ikú wálẹ̀ láti 1.5 sí 0.8 nínú ọgọ́rùn-ún aláìsàn. Bébà lásán ni o.

TA NI YÓÒ ṢE É?

Gbogbo èyí kò wúlò bí kò bá sí ọwọ́ tí yóò lò ó. WFSA sọ pé ó kéré tán, dókítà akunnilóorun márùn-ún ló yẹ kó wà fún 100,000 ènìyàn. Nígbà tí wọ́n ka ti gbogbo ayé tí wọ́n sì gbé e jáde ní 2017, ti Nàìjíríà kò tó ẹyọ kan. Láti ìgbà náà, àwọn dókítà tó ti jápa lọ sí Gẹ̀ẹ́sì, Saudi Arabia àti Kánádà kò ṣeé kà tán. Àwọn tó kù sì fẹ́ràn ìlú ńlá.

Ọ̀nà àbáyọ kò ṣàìsí. Àwọn nọ́ọ̀sì tí wọ́n kọ́ ní iṣẹ́ yìí ti pẹ́ nílẹ̀ wa, bẹ́ẹ̀ ni dókítà lásán lè fi ọdún kan kọ́ ọ gba ìwé ẹ̀rí dípúlọ́mà lábẹ́ kọ́lẹ́ẹ̀jì àwọn oníṣẹ́ abẹ ti Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Ìjà ta ni ọ̀gá ta ni ọmọ iṣẹ́ láàárín dókítà àti nọ́ọ̀sì ló ń fa ọwọ́ aago sẹ́yìn. Èrò tiwa ni pé ní orí òkè Ẹ̀fọ̀n, nọ́ọ̀sì tó kọ́ṣẹ́ dáadáa tó sì wà nítòsí sàn ju ọ̀gá dókítà tí kò sí nílé lọ, bí ọ̀nà bá wà tí yóò fi máa gba ìmọ̀ràn lọ́wọ́ àwọn ọ̀gá tó wà ní Adó tàbí ní Ìdó.

Bí ẹnikẹ́ni bá rò pé àsọdùn ni, kó gbọ́ èyí. Ìwádìí kan tó kárí ilé ìwòsàn 247 ní orílẹ̀-èdè 25 ní Áfíríkà, tó jáde ní 2018, rí i pé aláìsàn tó lé ní méjì nínú ọgọ́rùn-ún ló kú lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ, ìyẹn ìlọ́po méjì ti gbogbo àgbáyé, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀dọ́ ló pọ̀ nínú wọn tí ara wọn sì le. Kì í ṣe orí tábìlì ni èyí tó pọ̀ jù nínú wọn kú sí. Lẹ́yìn tí wọ́n ti gbé wọn lọ sí wọ́ọ̀dù ni, níbi tí ẹni tí ń ṣọ́ wọn kò ti tó. Ìwádìí mìíràn ní 2016 lórí àwọn orílẹ̀-èdè tí kò rí já jẹ fi hàn pé nínú ọgọ́rùn-ún ìyá tó kú lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ ìbímọ, nǹkan bíi 14 ló jẹ́ pé ọ̀rọ̀ ìkunnilóorun ló fà á. Ìyẹn ni pé wọ́n débẹ̀, wọ́n rí oníṣẹ́ abẹ, wọ́n sì tún kú.

OHUN TÓ YẸ KÍ A MÁA BÉÈRÈ

Èyí kọ́ ni ìgbà àkọ́kọ́ tí a ó gbọ́ ọ̀rọ̀ ìtọ́jú ọ̀fẹ́ ní Èkìtì. Ní sáà àkọ́kọ́ Gómìnà Káyọ̀dé Fáyẹmí, láàárín 2010 sí 2014, ìjọba kéde ìtọ́jú ọ̀fẹ́ fún aláboyún, ọmọdé àti arúgbó. Ní Òǹdó tó bí Èkìtì ní 1996, Gómìnà Olúṣẹ́gun Mímíkò bẹ̀rẹ̀ ètò Abíyè ní 2009, ó sì kọ́ ilé ìwòsàn ìyá àti ọmọ sí Àkúrẹ́. Ohun tó mú ti Òǹdó yàtọ̀ kì í ṣe ilé nìkan. Wọ́n ṣe òfin pé ikú ìyá èyíkéyìí gbọ́dọ̀ di ohun tí wọ́n ń wádìí rẹ̀, kì í ṣe láti fìyà jẹ ẹnikẹ́ni, bí kò ṣe kí wọ́n lè mọ ohun tó pa á kí ó má bàa pa ẹlòmíràn.

Irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ ló yẹ kí àwọn ará Ìjerò, Aramọkọ àti Ẹ̀fọ̀n máa bi àwọn aṣojú wọn ní ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin, àwọn alága ìjọba ìbílẹ̀ wọn àti ìjọba ìpínlẹ̀. Ẹ má ṣe béèrè ọ̀dà tuntun fún ògiri. Ẹ béèrè pé: ṣé ẹ̀rọ ìka tó ń ṣiṣẹ́ wà ní yàrá iṣẹ́ abẹ, ṣé òmíràn sì wà ní wọ́ọ̀dù tí wọ́n ń gbé ìyá lọ lẹ́yìn rẹ̀? Ṣé ọ́síjìn wà lóru òní, ṣé iná tí yóò gbé e wà? Ṣé ketamine, bupivacaine, ephedrine àti adrenaline wà nínú àpótí, ṣé ọjọ́ wọn kò sì tíì kọjá? Ta ni akunnilóorun tó wà lẹ́nu iṣẹ́ láti alẹ́ Jímọ̀ títí di àárọ̀ ọjọ́ Ajé? Ìgbà wo ni owó NHIA ń dé ọwọ́ ilé ìwòsàn lẹ́yìn tí wọ́n bá ti ṣe iṣẹ́ náà? Nítorí bí owó náà bá ń pẹ́, oògùn kò ní sí nílẹ̀ fún aláboyún tó kàn.

Àwọn ọba wa, àwọn ẹgbẹ́ ọmọ ìlú tó wà l'Ékòó àti lókè òkun náà ní iṣẹ́ ní í ṣe. Lọ́dọọdún ni wọ́n ń dáwó fún gbọ̀ngàn ìlú àti ayẹyẹ ọjọ́ ìlú. Láti 2011 ni àjọ aláàánú kan tó ń jẹ́ Lifebox ti ń pín ẹ̀rọ ìka alágbára fún yàrá iṣẹ́ abẹ ní àwọn orílẹ̀-èdè tálákà, tí wọ́n sì ń kọ́ àwọn òṣìṣẹ́ bí wọ́n ṣe ń lò ó. Ohun tí àjèjì lè ṣe fún wa, ọmọ Alárá, ọmọ Ajerò àti ọmọ Aláayè lè ṣe é fún ìyá wọn. Kí wọ́n má sì gbàgbé bátìrì àti àtúnṣe, nítorí ibi tí ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ ìrànwọ́ ń kú sí nìyẹn.

Gbogbo òbí tó bímọ sí ilé ìwòsàn ló ti gbọ́ pé wọ́n fún ọmọ ní máàkì kété tó jáde, wọ́n wo ìlù ọkàn rẹ̀, èémí rẹ̀, àwọ̀ rẹ̀, bí ó ṣe ń ké àti bí ó ṣe ń ta ẹsẹ̀. Akunnilóorun ni obìnrin ará Amẹ́ríkà tó ṣe ìṣirò náà ní 1952, Virginia Apgar ni orúkọ rẹ̀. Ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ ṣíṣọ́ èémí ìyá ló ronú pé kí ẹnì kan máa ṣọ́ ti ọmọ náà. Ìjọba ti ṣèlérí pé òun yóò san owó ọ̀bẹ. Kí àwa ará ìlú rí i dájú pé wọ́n san owó ẹni tó ń ṣọ́ èémí pẹ̀lú, nítorí ẹ̀mí kò láàrọ̀.